Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé Máàkì Ìwọlé Jáde

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan wà ní Abẹ́òkúta yìí. Kékeré ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ tí kò bá sì yege nínú ìdánwò àṣewọlé rẹ̀ kò lè bá wọn jókòó níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti kàn láàárín ìlú, àwọn alákòóso rẹ̀ sì fẹ́ kó kàn jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n ń rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn pé kó fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sí Àbújá fún àmì-ẹ̀yẹ Ààrẹ fún àwọn olùkọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ tó ta yọ, èyí tí ìjọba àpapọ̀ máa ń fi dá wọn lọ́lá ní Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Èsì WAEC ni ẹ̀rí tí wọ́n dì mú. Ní tiwa, a kò rí ohun tó burú nínú kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wá iyì; ó ti pẹ́ jù tí a ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládàáni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Òkè-Mosàn fọwọ́ sí ìwé náà, àfi tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá gbé máàkì tí àwọn ọmọ náà fi wọlé jáde, kí gbogbo ayé lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tí wọ́n fi jáde.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Bí a bá ṣa àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù lọ nínú ìlú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Pírámárì Mẹ́fà, tí gbogbo wọn sì gba kíréèdìtì lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ta ni ká yìn? Ó lè jẹ́ olùkọ́ girama. Ó sì lè jẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, tàbí olùkọ́ lẹ́sìnnì tó ń wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, tàbí àpò òbí tó ń sanwó fún un. Èsì WAEC nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ẹni tó ra àgbò tó ti sanra lọ́jà nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, kò yẹ kó máa fọ́nnu pé òun mọ ẹran sìn.

Ẹni tó bá dé ọgbà náà ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣewọlé yóò rí ohun tí à ń sọ. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn, olùkọ́ wọn á máa to wọn sórí ìlà, á sì máa rán wọn létí bí wọ́n ṣe ń kun ojú ìdáhùn láìfi pẹ́ńsùlù gún ìwé. Láti Pírámárì Mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe ìbéèrè àtijọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba láti ìgbèríko Ọdẹ́dá á dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà, á sì kọ́kọ́ máa wá ẹni tó máa yá a ní rọ́bà ìpawérẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á lẹ àwọn orúkọ tó wọlé mọ́ pátákó. Orúkọ nìkan ni o, kò sí máàkì níwájú wọn. Bàbá tí kò rí orúkọ ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá máàkì méjì ni ọmọ náà fi pàdánù tàbí ogún, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gba jù ú lọ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni àhesọ ti ń bẹ̀rẹ̀, pé lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá báyìí, pé àyè kan ti wà nílẹ̀ fún ọmọ lágbájá. A kò ní ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ṣe màgòmágó. Àwọn alákòóso náà kò sì fún wa ní ẹ̀rí pé kò sí i, bẹ́ẹ̀ ó wà ní ìkáwọ́ wọn.

Ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2013, gbogbo ìlú ló mọ máàkì tí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀: 139 fún ọmọ Anambra, 133 fún ọmọ Èkó, 131 fún ọmọ Ògùn, nígbà tí 4 tó ọmọkùnrin Zamfara, tí 2 sì tó ọmọbìnrin ibẹ̀. Inú bí àwọn òbí wa gan-an, ó sì tọ́ kó bí wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń bínú sí wà lójú táyé, wọ́n sì lè tọ́ka sí i. Kò sí ohun tí òbí lè tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń ṣa ọmọ báyìí ti pẹ́, wọn kò tíì bọ́ nínú àríyànjiyàn rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ New York ti 1971 sọ pé ìdánwò nìkan ni kí ọmọ fi wọ Stuyvesant, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan tó lórúkọ ní ìlú New York. Ní 2019, nínú ọmọ 895 tí wọ́n fún láàyè níbẹ̀, 7 péré ni aláwọ̀ dúdú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Abdulkadiroglu, Angrist àti Pathak, tún ṣe ìwádìí kan lórí irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Boston àti New York, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n fi ọmọ tó kàn fi díẹ̀ wọlé wé ọmọ tó kàn fi díẹ̀ pàdánù, wọ́n sì rí i pé nígbà tó yá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín èsì ìdánwò àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú ògo tí à ń gbé fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti wà lára ọmọ kó tó wọlé. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Abẹ́òkúta. Ó lè jẹ́ pé àwọn olùkọ́ wa ń ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ kò ti fún pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máàkì ìwọlé gan-an ni yóò gbè wọ́n.

Àwọn tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ ní àmì-ẹ̀yẹ níbòmíràn ti rí èyí tipẹ́. Ètò Blue Ribbon tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe láti 1982 títí di 2025 kì í ṣe ti àwọn tó gba máàkì gíga nìkan ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní àyè ọ̀tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá dín àlàfo kù láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa àti àwọn tó wà lẹ́yìn. Ní 2016, ìjọba ní England bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ọmọ dé nígbà tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ gbé e dé ní girama, wọ́n sì fi ìrìn tó wà láàárín méjèèjì díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣírí ọmọdé ni máàkì jẹ́. Kí wọ́n lo nọ́ńbà ìdánwò dípò orúkọ, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tó nípọn díẹ̀ ni ti ìwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí ogún ọmọ bá ṣe WAEC, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì kùnà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nìyẹn. Bí kò bá sì sí ẹni tó kùnà, ilé-ẹ̀kọ́ á kéde ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, á dà bíi pé ó ju ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó ní irinwó ọmọ lọ. Èsì ọdún kan péré kò tó fún irú ilé-ẹ̀kọ́ kékeré bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni kí wọ́n kó papọ̀, kí wọ́n sì ka àwọn ọmọ tó kúrò láàárín ọ̀nà mọ́ ọn, nítorí a mọ̀ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ tó ń fà sẹ́yìn lọ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká rántí pẹ̀lú pé owó gbogbo wa ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ títí dé JSS3. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, tó sì ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ pé kò sí àyè fún wọn, jẹ wá ní àlàyé ju ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn. Abẹ́òkúta Girama, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, gba ọmọbìnrin wọlé ní 1914, ọmọ náà ni a wá mọ̀ sí Funmilayo Ransome-Kuti. Àmì-ẹ̀yẹ kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn.

Nítorí náà, kí Kọmíṣánnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ dá ìwé náà padà, kó sì béèrè fún máàkì ìwọlé àti èsì WAEC ọdún márùn-ún, iye ọmọ tó wọlé àti iye tó parí, àti iye àwọn tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nínú wọn. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ wá, tó sì hàn pé wọ́n gbé ọmọ láti ibi kan dé ibi tó ga jù ú lọ, ìwé ìròyìn yìí yóò wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Ìdánwò àṣewọlé tó ń bọ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ máàkì sí iwájú nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan.