Gbígbé mọ́tò sókè nìkan ò tó fún taya ńlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé tẹ́ ẹ bá ti gbé Toyota 4Runner (ti 2010 sí 2024) sókè ní ínṣì 2, taya ńlá oníwọ̀n 285/70R17 á wọlé wẹ́rẹ́ láìgé nǹkankan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Àyè tẹ́ ẹ ń rí lórí taya nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí àyè tí taya nílò tẹ́ ẹ bá já sí kòtò tẹ́ ẹ sì ń yí sítíárìn. Gbígbé mọ́tò sókè ń mú kí bọ́dì ga sí i lóòótọ́, àmọ́ tí sípírìngì bá tẹ̀ dé òpin, ibi tí taya ń dé tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa dé. Ibi tí wọ́n ń ṣì í gan-an nìyẹn.

Ẹ ṣírò ẹ̀: 265/70R17, ìyẹn taya tó sábà máa ń bá mọ́tò náà wá, ga tó 803 mm, 285/70R17 jẹ́ 831, ó sì tún fi 20 mm fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀yìn taya iwájú ló ti sábà máa ń ha, lára rọ́bà inú mọ́dígáàdì àti ibi tí bọ́dì ti so mọ́ ṣáásì, ìyẹn ni àwọn wẹ́dà máa ń gé tí wọ́n á jó irin padà sí, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà o, torí ìpẹtà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, kí mẹkáníìkì gbé ṣáásì lé stand, kó yọ sípírìngì iwájú, kó fi jáàkì ti taya sókè dé òpin, kẹ́ ẹ wá yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Ibi tó bá ti kàn, ẹ fi ẹfun sàmì sí i kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun.