Iye Adìẹ Tí Kò Kú Nìkan Kò Tó

Láti 1926, tí àrùn lùkúlùkú ti kọ́kọ́ hàn sí àwọn onímọ̀ ní erékùṣù Java àti ní Newcastle, ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn náà ti gba orúkọ òyìnbó rẹ̀, ni wọ́n ti ń bá a wọ̀yá ìjà. Àjẹsára rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Síbẹ̀ àrùn náà ṣì ń wọ ọgbà adìẹ tí wọ́n ti fún ní àjẹsára. A kò bá àwọn olùwádìí jà lórí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì yìí. Ohun tí wọ́n fi ń sọ pé àjẹsára kan ṣiṣẹ́ ni a ní ẹjọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe máa ń dán an wò nìyí. Wọ́n á mú òròmọdìẹ tí àrùn kankan kò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ rí, wọ́n á kán ẹ̀kán àjẹsára kan sójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fún un ní fáírọ́ọ̀sì tó le, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 14. Àwọn tí kò gba àjẹsára á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ wọn á rọ, ọrùn wọn á lọ́, wọ́n á kú. Bí àwọn tó gbà á bá dúró láìṣàìsàn, wọ́n á ní ó ti yege.

Kò tíì yege o. Adìẹ tó ń jẹ, tó ń mu, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, lè máa da fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú itọ́ àti ìgbẹ́ rẹ̀. LaSota, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 1946, ṣì wà lára àwọn àjẹsára tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé. Inú ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní genotype II ló ti wá; ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń pa adìẹ ní Éṣíà àti Áfíríkà lónìí jẹ́ ti ìdílé mìíràn, pàápàá genotype VII. LaSota ń gba ẹ̀mí adìẹ là lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé bí àjẹsára àti fáírọ́ọ̀sì bá jẹ́ ìdílé kan náà, ohun tí adìẹ ń dà sílẹ̀ máa ń dín kù. Ẹni tó bá ka òkú nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ yìí láé. Nítorí náà, kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun àti ihò ìdí adìẹ ní ọjọ́ kejì, ìkẹrin àti ìkeje tí wọ́n fún un ní fáírọ́ọ̀sì tó le, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó yè.

Ẹjọ́ kejì wà nínú ọgbà adìẹ gan-an. Ẹ̀kán kan fún adìẹ kan ni ti yàrá ìwádìí. Inú omi mímu ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń po tiwọn sí. Kẹ́míkà kilorínì tí wọ́n fi ń tọ́jú omi ẹ̀rọ á pa àjẹsára náà kí ó tó kan ẹnu adìẹ, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi gíráàmù 2.5 wàrà oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá sínú lítà omi kan. Bí wọn kò bá fi òùngbẹ gbẹ adìẹ fún wákàtí kan sí méjì, wọn ò ní mu ún tán kí ó tó bàjẹ́. Àwọn tó lágbára á lé àwọn tí kò lágbára kúrò nídìí omi. Èyí tí kò bá sí ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lójú ọ̀nà lè ti kú kó tó délé. (Àjẹsára I-2 tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà fara da ooru ju ìyẹn lọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi irúgbìn rẹ̀, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe é, fún àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ ṣe é. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó pọ̀.)

Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn ààbò tí adìẹ ní sí lùkúlùkú lè tú gbogbo èyí fó, kò sì le. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ apá adìẹ, wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á gba omi tó bá lé sókè. Wọ́n á là á ní ìlọ́po méjì-méjì láti ihò dé ihò nínú àwo oníhò 96, wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa sí i, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tó da sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ adìẹ lé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, wọ́n á gbé àwo náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò tí ààbò bá wà, pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Ibi tí kò bá sí, fáírọ́ọ̀sì á ti so àwọn sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, wọn kò ní ṣàn. Bí omijé bá dé ihò kẹta, iye ààbò adìẹ náà jẹ́ 3. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sọ pé ó kéré tán, ìdá 85 nínú 100 adìẹ ọgbà kan ló gbọ́dọ̀ tó 3 kí àrùn má baà ráyè tàn.

Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Bí adìẹ 15 nínú 20 bá ní 7, tí 5 tó kù kò sì ní nǹkan kan, ìpíndọ́gba wọn lé ní 5, ó sì dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ìdá 75 péré ló ní ààbò, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún lùkúlùkú.

Àwọn kan á ní owó ìwádìí á wọ́n sí i. Ilé olódi tí wọ́n ti ń fún adìẹ ní fáírọ́ọ̀sì tó le ni owó ń lọ sí, kì í ṣe òwú. Ìlà méjì péré ni a ní kí àwọn tó ń fi owó ìlú ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí fi kún fọ́ọ̀mù wọn: fáírọ́ọ̀sì mélòó ni adìẹ tó gba àjẹsára dà sílẹ̀, ní ọjọ́ wo; adìẹ mélòó nínú ọgbà àgbẹ̀ ló tó 3 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá sọ bí òun ṣe máa kún ìlà méjèèjì, kí wọ́n má tíì fún un lówó.