Gèémù ti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ta ni yóò wá fi Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, hàn wọ́n?

Ẹ gbọ́, n kò sí lára àwọn tó ń bú ọmọ nítorí gèémù bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ òbí n'Ìbàdàn gbà pé ọmọ tó bá ti di páàdì mú ti ya ọ̀lẹ nìyẹn, pé kò ní í fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù gidi mọ́. Ohun tí èmi ń fojú ara mi rí ládùúgbò yàtọ̀.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù gèémù kan ní Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án Sátidé. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé, ẹni tó bá na ẹnìkejì á jókòó pa, ẹni tí wọ́n nà á gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Ẹ wá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan tí kò tíì wọ sẹ́kọ́ńdírì ń kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Bùọ̀dá, ẹ má fa àwọn tó wà lẹ́yìn yín sókè tó bẹ́ẹ̀. Wíńgà wọn ń sáré o. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn wọn, ó di gólì nìyẹn." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò sí kóòṣì kankan tó kọ́ ọmọ yìí. Òfúsáìdì tí àwa àgbà fi ń ja ìjà àjàkú-akátá níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Ó mọ ìdí tí kóòṣì fi ń fi ẹlẹ́sẹ̀ òsì sí apá ọ̀tún.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn lójú tèmi, kì í sì í parí sínú gèémù. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Jay-Jay Okocha fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 2008 mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, torí pé EA, ilé-iṣẹ́ tó ṣe gèémù FIFA, kó o mọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ inú gèémù wọn, wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún fún ọgbọ́n ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a kiri lórí YouTube, tí wọ́n ń rí bó ṣe jó yí aṣọ́lé Oliver Kahn po ní Jámánì lọ́dún 1993 kó tó gbá a wọlé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí gèémù bá mọ ni ìfẹ́ wọn náà ń mọ. Líìgì Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Kaizer Chiefs àti Orlando Pirates ti South Africa ti wà nínú FIFA rí, àmọ́ kò kan tiwa. Ọmọ tó lè ka orúkọ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú Shooting Stars, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn láti ṣọ́ọ̀bù yẹn dé pápá Lekan Salami ní Adamásingbà. Kò gbọ́ ọ rí pé lọ́dún 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC, àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà (Cup Winners' Cup), pé gólì 4 sí 1 ni wọ́n fi na Tonnerre ti Yaoundé ní Cameroon nínú eré àkọ́kọ́ nínú méjì tí wọ́n fi parí ìdíje náà, tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Kò mọ Muda Lawal tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kò mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá gólì méjì wọlé lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980. Bàbá rẹ̀ mọ̀ wọ́n o, kò kàn sọ fún un ni.

Ẹ má gba páàdì lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà FIFA 22 ni àyè ti wà nínú Career Mode, apá gèémù tí èèyàn ti ń darí ẹgbẹ́, fún èèyàn láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kó yan orúkọ, kó yan jẹ́sì. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ dá Shooting sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa pìtàn fún wọn bí ẹ ṣe ń yan àwọ̀. Tó bá di ọjọ́ tí Shooting ń gbá nílé, ẹ mú wọn lọ sí Adamásingbà. Ara wọn lè kọ́kọ́ má balẹ̀, nítorí gèémù ti sọ 90 ìṣẹ́jú di bíi 12. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìlù àti ariwo "Up Shooting!", kí wọ́n rí èèyàn ẹlẹ́ran-ara tó ti rẹ̀, tó ń tiro, tó ṣì ń lé bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin aláṣẹ Shooting náà, ẹ gbé ìdíje gèémù kalẹ̀ lẹ́nu pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀bùn ẹni tó bá borí. Tẹlifíṣàn àti jẹnẹrétọ̀ kò ju agbára yín lọ.

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù gèémù ní Mọ́kọ́lá tàbí Òkè-Àdó, tó bá fẹ́ ká jọ kó àwọn ọmọ lọ wo eré tó ń bọ̀, kó kàn sí mi. Mo ti ń wá bọ́ọ̀sì.