Èsì wa fún oníbàárà tó ní òkú ẹ̀rọ la tà fún òun

Ọ̀gá wa, ẹ ṣé tí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ.

Ìràwọ̀ kan lẹ fún wa. Ẹ ní ẹ̀rọ alápá méjì tó ń wọn ooru ìta tí ẹ rà (ọ̀kan ń wà níta, ìkejì ń fi nọ́ńbà hàn nínú ilé) “ti kú kó tó délé”, pé ìlà kéékèèké méjì ló ń yọ lójú èyí tó wà nínú ilé dípò nọ́ńbà, àti pé nígbà tó jàjà ṣiṣẹ́, ó ní ìta gbóná tó dígírì 47. Ẹ wá fi “oníjìbìtì” kádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọ eegun. Àwọn mìíràn tó fẹ́ rajà ń kà á, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni ọjà dé ọwọ́ yín. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ kọ̀wé pé kò ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn lọ́dọ̀ wa ti gbé àpò kọ́pá, ó ń lọ sílé. Ó gbé e sílẹ̀, ó pè yín, ó sì wà lórí fóònù pẹ̀lú yín fún ìṣẹ́jú 40. A ò rí ìyẹn nínú ohun tí ẹ kọ.

Ó bi yín pé èwo lẹ kọ́kọ́ ki bátìrì bọ̀. Ẹ ní ti inú ilé ni, pé ẹ lọ jẹun, kí ẹ tó wá ki bátìrì sí ti ìta, tí ẹ sì gun àkàbà lọ gbé e kọ́. Ibẹ̀ ló ti wọ́. Irú èyí tí a tà fún yín, ti ìta là ń kọ́kọ́ fún ní bátìrì, torí òun ló ń sọ̀rọ̀. Ti inú ilé ń gbọ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ti inú ilé sì fi ń tẹ́tí. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á ṣíwọ́, á fa ìlà méjì yẹn. Kò kú rárá.

Ó ní kí ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà, kí ẹ ṣí ìdérí bátìrì ti ìta. Bọ́tìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń yí sí 1, 2 àti 3; nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó gbọ́ra. Tiyín wà lórí 3, èyí tó wà nínú ilé sì ń wá 1. Orí 1 la máa ń fi gbogbo wọn sí kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Bátìrì tí ẹ kì sí i ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń gba iná sí ni, tí ẹ yọ lára nǹkan ìṣeré ọmọ. Fólítì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan irú rẹ̀ ń gbé, 1.5 sì ni ẹ̀rọ yìí ń fẹ́. Nígbà tí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, iná pupa kékeré iwájú ti ìta ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà sì yọ: 26. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pariwo “Ó ti dé!” sí i létí.

Ó wá ku dígírì 47. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ kan ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri tí oòrùn ń pa, páànù ò ju ìka méjì lọ sí i lókè, òjìji rẹ̀ sì hàn ketekete lára ògiri. Kò purọ́ fún yín. Ooru ara rẹ̀ àti ti ògiri ló ń kà, nígbà tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwọn ojú ọjọ́, inú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ń gbé tiwọn sí, mítà 1.25 sí mítà 2 sókè ilẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kì í dé ni kí ẹ wá, lábẹ́ etí òrùlé tí òjò ò ti ní lù ú, kó má fara ti ògiri. Páànù tún máa ń dí ìgbì rédíò lọ́nà. Ibi tí a kọ sára páálí pé ìgbì náà lè dé, ti gbangba tí nǹkan kan ò dí i ni.

Ẹ tún ní lẹ́tà inú ìwé ìlò rẹ̀ kéré. Òótọ́ ni. A ti ń tẹ òmíràn.

A ò jẹ yín ní gbèsè kankan. Síbẹ̀, ẹ dá a padà bí ẹ bá fẹ́. A ó san owó yín pé, a ó san owó ọkọ̀ rẹ̀, tàbí kí a fún yín ní tuntun pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dì í sínú páálí, ẹ bá wa tún ohun tí ẹ kọ sí ọmọbìnrin wa láàárọ̀ Ọjọ́rú kà: ẹ ti gbé e lọ sínú ibòòji, ó ń ka 29, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà lẹ wá kọ ọ́ síbí pé ó ti kú.