Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Tí Kíláàsì Kò Gbà Kẹ́kọ̀ọ́ Lábẹ́ Igi

Èrò ọkàn mi ni pé, níbi tiwa ní ilẹ̀ Okun, láti Kábà dé Ìsánlú, ọ̀pọ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ń pè ní olódo kò ya olódo rárá. Inú kíláàsì ni kò bá wọn lára mu. Ẹ wo ọmọ tí ariwo lábẹ́ òrùlé páànù máa ń dà lórí rú, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí tàbí kí ó sá jáde: ẹgba ni a fi ń dá a padà.

Ní Scotland, òfin ọdún 2004 lórí àfikún ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ kò mọ sórí àbùkù ara nìkan. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pàápàá lè wà lára àwọn tó kàn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ máa ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sínú igbó, ibì kan náà, léraléra, kí ẹni tí ohun tuntun ń bà lẹ́rù lè mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Denmark ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Bridgwater ti rí àṣà yìí ní ọdún 1993, tí wọ́n sì mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwa náà ní igi emi tí a ti ń rí òrí àti igi igbá tí a ti ń rí irú. Okùn lásán tó láti fi wọn ìdí igi, kí ìṣirò sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò tíì lè di pẹ́ńsù mú lè fi ọ̀pá kọ lẹ́tà gàdàgbà sórí yanrìn. Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa gba ọgbọ́n: kí gbogbo wọn jókòó yí ká, kí olùkọ́ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ọmọ náà lè máa rí ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀. Ejò àti wèrèpè wà lóòótọ́, nítorí náà kí àgbàlagbà kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Kóró kajú tútù kì í sì í ṣe ohun ìṣeré, torí pé oje èèpo rẹ̀ máa ń bó ara.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ ni àwa àgbà. Bí a bá ní kí ọmọ jáde ní kíláàsì níhìn-ín, oko ríro tàbí igi ìdáná olùkọ́ ló sábà máa ń já sí. Àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí gan-an ni a ó sì kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́, nítorí àwọn kan ti gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí olùkọ́ kò bá ní nóòtì ìkọ́ni fún ẹ̀kọ́ abẹ́ igi, tí kò sì kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ sílẹ̀, kí ó má ṣe kó wọn jáde.

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2019 fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: àkókò kan lówùúrọ̀ lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì la ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà dé ìdí igi.