Ẹ fi eruku ibẹ̀ náà hàn wá

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ nǹkan ńlá sáàárín ìlú báyìí, fídíò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé wá. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: oòrùn ń ràn, igi ti gbó lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò sí lójú pópó, kámẹ́rà ń rá bàbà lókè.

Mi ò kórìíra fídíò o. Àwòrán onílà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ta ló lè kà á yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fídíò ìṣẹ́jú méjì á mọ ibi tí afárá máa gbà kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ìyẹn dáa.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìròyìn tó gbé aṣọ àfojúbà wọ̀ ni fídíò yìí. Ẹni tó sanwó kámẹ́rà ló yan ibi tó dúró sí, òun náà ló yan aago: ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji kúrú jù lọ. Níbi tí wọ́n ti ń rí ìgbà òtútù, ẹ ní kí wọ́n fi ilé alájà 40 kan hàn yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù, kí ẹ wo ibi tí òjìji rẹ̀ nà dé. Nítorí òjìji yìí náà ni àwọn olùdìbò ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ṣe fi òfin dáàbò bo oòrùn ọgbà ìtura ìlú wọn ní 1984.

Ti ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, tún wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ mì ní 2001, ó sì ba afárá alájà méjì tó wà létí omi jẹ́. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé fídíò kọ̀ǹpútà jáde tó fi bí afárá náà ṣe lè wó hàn bí ilẹ̀ bá tún mì. Èèyàn á wò ó, ara á bù ú máṣọ. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ dípò rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lópin 2013, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kó tó tún gbéra. 2019 ni ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbabẹ̀. Irú ìdádúró báyìí kì í sí nínú fídíò tí wọ́n fi ń wá ìfọwọ́sí.

Bẹ́ẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fi àsìkò iṣẹ́ náà hàn. Wọ́n máa ń so àwòrán kọ̀ǹpútà mọ́ kàlẹ́ńdà iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní 4D: ọ̀sẹ̀ yìí a ó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó ti ọ̀nà yìí pa, ibí ni kírénì máa dúró. Ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti ń lò ó, kí iṣẹ́ kan má baà dí òmíràn lọ́wọ́. Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé wá sípàdé àdúgbò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ mọ iye oṣù tí oníbàárà ò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ òun. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ò kàn án.

Ní Switzerland, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ilé kan, wọ́n á kọ́kọ́ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láti fi gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ hàn. Ibi tó bá wu kálukú ló ti lè dúró wò ó. Ó yẹ kí ti kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún ará àdúgbò, kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn yí i, kí wọ́n yan fèrèsé tiwọn àti aago tó wù wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.