Oníbàárà ò san owó tó kù: ṣé kí n ti sáìtì rẹ̀ pa?

Alágbàṣe_Kóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣe sáìtì fún oníbàárà kan tó ń ta àga àti tábìlì. Ojú ewé 5 la jọ sọ. Ó san ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun á san ìdajì tó kù tí mo bá parí. Mo parí, ó ní kí n fi ibi ìsanwó kún un, mo fi kún un. Ó tún ní kí n kó ọjà 140 sínú rẹ̀, mo kó o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 6 tí sáìtì ti jáde, ó sì ń tajà níbẹ̀, àmọ́ tí mo bá béèrè owó, "ọ̀la" ni, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni. Domain wà lórúkọ mi, èmi náà ni mo ń san hosting. Ṣé kí n tì í pa títí yóò fi sanwó ni, àbí kí n máa wò ó? Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni oníbàárà ọ̀hún o.

Ìyá_Pixel: "Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi." Ìgbà tí mo débẹ̀, mo ti mọ bó ṣe máa parí.

Kò_Gba_Gbèsè: Gba ìdajì owó kó o tó bẹ̀rẹ̀. Gba ìyókù kí sáìtì tó jáde. Ó tán.

Alágbàṣe_Kóòdù: Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìdajì kẹ̀. Mo kọ ọ́ sókè.

Ojú_Lalákàn: Èyí ò dáa rárá. Èèyàn ṣiṣẹ́ fún ọ, o jẹ ẹ́ lówó, o tún fẹ́ ti sáìtì pa. San owó olówó!

Ìyá_Pixel: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ kà á. Òun gan-an ni wọ́n jẹ lówó.

Ojú_Lalákàn: Háà. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ mi ṣì dúró, kí ẹni tó jẹ gbèsè lọ san án.

Bàbá_Server: Àbúrò, má tì í pa. Nǹkan 3 lo kó pọ̀ mọ́ra wọn. Domain ni orúkọ, hosting ni ibi tí fáìlì ń gbé, kóòdù ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Domain yẹn, orúkọ oníbàárà ló yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ìwọ lo bá a rà á. Tó o bá pa á lónìí, í-meèlì tó ń gbà lórí domain kan náà lè bá a lọ. Ẹni tó ti sanwó àga kò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ á wá yí padà: a ò ní máa sọ pé ó jẹ ọ́ lówó mọ́, a ó máa sọ pé o ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Kọ̀wé sí i. To iṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ sọ sí apá kan, to èyí tó fi kún un sí apá kejì, kọ iye síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o dá ọjọ́ fún un. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, gbé domain rẹ̀ fún un, kó o jáwọ́ nínú hosting tó ò ń fi owó ara rẹ san.

Òtítọ́_Korò: Kó gbé domain fún un? Fún ẹni tí kò sanwó? Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí nìyẹn, ẹ̀yin wá ní kó jù ú sílẹ̀. Kó tì í pa lálẹ́ òní, kó pa fóònù ẹ̀, kó sùn. Kílẹ̀ tó mọ́, owó á ti wọlé.

Bàbá_Server: Kílẹ̀ tó mọ́, lọ́yà á ti pè é.

Òtítọ́_Korò: Lọ́yà wo? Ẹni tí kò rówó san fún dẹ́fẹ́lọ́pà?

Ọ̀nà_Kúkúrú: Ọjà 140 lo fọwọ́ kó níkọ̀ọ̀kan? Ṣé o ò mọ̀ pé fáìlì CSV tó ń kó gbogbo ọjà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà wà ni?

Alágbàṣe_Kóòdù: Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ni mo fi CSV kó. Àwọn àwòrán ló ṣe mí léṣe. Orí WhatsApp ló ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní mẹ́rin-mẹ́rin, WhatsApp sì ti fún gbogbo wọn pọ̀. Tábìlì wá dà bí ohun tí wọ́n yà láti inú kùrukùru.

Ọ̀nà_Kúkúrú: Kó fi wọ́n ránṣẹ́ bíi document.

Alágbàṣe_Kóòdù: Mo sọ fún un. Ó ní òun ò mọ ibi tí ìyẹn wà.

Kóòdù_Ọwọ́: Kí lo fi kọ́ ọ ná?

Alágbàṣe_Kóòdù: WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, àti WooCommerce tó ń fi ìsọ̀ kún un, sà.

Kóòdù_Ọwọ́: Mo ti ń rò ó. Iṣẹ́ ọjọ́ 2 nìyẹn. Ìdajì tó gbà ti tó o.

Ìyá_Pixel: Ẹ gbà mí o. Ọ̀gá, sáìtì tó ju 40 lọ nínú 100 lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lo WordPress. Ṣé ọjọ́ méjì-méjì ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn?

Kóòdù_Ọwọ́: Pípọ̀ kọ́ ni dídára. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ tèmi: HTML, CSS, JavaScript, àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ sáìtì gan-an. N kì í lọ fa theme tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ wálẹ̀ kí n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí n wá máa pe ara mi ní dẹ́fẹ́lọ́pà.

Ìyá_Pixel: JavaScript tí Brendan Eich fi ọjọ́ 10 kọ lọ́dún 1995? Tó bá jẹ́ ọjọ́ lẹ fi ń díye, ẹ má gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ mọ́.

Aláwàdà_Ibẹ̀: Háháhá. Ẹ fún un lómi.

Kóòdù_Ọwọ́: Wọ́n ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti 1995.

Ìyá_Pixel: WordPress ńkọ́? Ṣé bó ṣe wà lọ́dún 2003 náà ló ṣì wà ni?

Kóòdù_Ọwọ́: WordPress wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni ọmọ yìí wá ń tà fún èèyàn?

Ìyá_Pixel: Ta lẹ̀yin náà san owó HTML fún? Ọ̀fẹ́ ni CERN, ilé ìwádìí tí wọ́n ti ṣẹ̀dá wẹ́ẹ̀bù, yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 1993. Kì í ṣe irinṣẹ́ la ń tà.

Kò_Gba_Gbèsè: Ẹ Ò GBỌ́ OHUN TÍ MO WÍ. ÌDAJÌ KÓ O TÓ BẸ̀RẸ̀, ÌYÓKÙ KÍ SÁÌTÌ TÓ JÁDE.

Aláwàdà_Ibẹ̀: Oníbàárà tèmi ní kí logo tóbi sí i. Mo mú un tóbi. Ó ní kó tún tóbi. Ní báyìí, sáìtì náà, logo ni. Ẹ máa rọra yí i wálẹ̀, ẹ ṣì wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ọ̀nà_Kúkúrú: Tèmi ní "àtúnṣe kékeré kan péré". Fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí ń jẹ́ ìkẹyìn_ìkẹyìn_gan_an_7.

Ojú_Lalákàn: Tèmi ní kí n tẹ sáìtì náà sórí ìwé, òun fẹ́ fi pẹ́ńsùlù tún un ṣe.

Òtítọ́_Korò: Ṣé o tẹ̀ ẹ́ ni?

Ojú_Lalákàn: Mo tẹ̀ ẹ́. Ó sì fi pẹ́ńsùlù tún un ṣe.

Kóòdù_Ọwọ́: @Ìyá_Pixel, fi sáìtì tó o ṣe hàn wá ká wò ó.

Ìyá_Pixel: Ta lò ń pè ní "o"? Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń ẹ̀yin yín. Ṣé a jọ ṣeré rí ni?

Kóòdù_Ọwọ́: Orí íntánẹ́ẹ̀tì la wà, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí ẹnì kankan.

Ìyá_Pixel: Ó dáa. Jẹ́ ká jọ máa "o" ara wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sáìtì rẹ tó wà nínú prófáìlì rẹ ni. jQuery, kóòdù tí àwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀, ló kún inú ẹ̀. Ọwọ́ ta ló kọ ìyẹn? Àwòrán tó wà lókè pátápátá, MB 6. Google ní ká má jẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ewé pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ kó tó hàn. Mo ti mu omi, mo ti padà dé, tìrẹ ṣì ń yí.

Aláwàdà_Ibẹ̀: Ọlọ́run ò!

Kóòdù_Ọwọ́: Àwòrán 1 péré ni. Íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ló ń fà.

Ìyá_Pixel: Íntánẹ́ẹ̀tì mi ló kó ọ̀rọ̀ eérú sórí funfun? Ẹni tójú ẹ̀ ń dùn ún ò lè kà á. WCAG, ìlànà sáìtì tí gbogbo èèyàn lè lò, ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, mo sì ti wọn tìrẹ, 2 ló fi díẹ̀ lé.

Bàbá_Server: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ọmọ yìí béèrè nǹkan.

Kóòdù_Ọwọ́: Bàbá, ẹ jẹ́ kó sọ iye plugin, àwọn àfikún WordPress, tó wà lórí tirẹ̀. Kó sọ ọ́ tó bá dá a lójú.

Ìyá_Pixel: 11.

Kóòdù_Ọwọ́: MỌ́KÀNLÁ! Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ihò, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ti sá lọ, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé sí ọ lára.

Ìyá_Pixel: Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba owó ìtọ́jú lóṣooṣù. Ìwọ, tó o bá ti kọ ọ́ tán, o ti lọ nìyẹn. Ta ló ń ṣe backup, ẹ̀dà ìpamọ́, fún wọn?

Alágbàṣe_Kóòdù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tèmi ńkọ́?

Ojú_Lalákàn: Ọ̀rọ̀ wo?

Bàbá_Server: Àbúrò, àfikún tó ní kó o ṣe yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé àdéhùn?

Alágbàṣe_Kóòdù: Kò sí ìwé àdéhùn, sà. Ohùn ló ń fi ránṣẹ́.

Bàbá_Server: Má pa ohùn yẹn rẹ́. Ẹ̀rí ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí i pé "ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe rèé", kó fọwọ́ sí i.

Òtítọ́_Korò: Tì í pa.

Kò_Gba_Gbèsè: MO TI YÍ I PADÀ. GBA GBOGBO RẸ̀ KÓ O TÓ BẸ̀RẸ̀.

Ẹni_Tuntun_03: Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé dẹ́fẹ́lọ́pà pọ̀ níbí. Ta ló lè ṣe sáìtì fún mi? N ò lówó báyìí, àmọ́ gbogbo èèyàn mi á mọ orúkọ yín.

Aláwàdà_Ibẹ̀: Ẹ ti ilẹ̀kùn o.

Kóòdù_Ọwọ́: Mo ti dín àwòrán yẹn kù. KB 180 ni báyìí. @Ìyá_Pixel, ṣí i wò.

Ìyá_Pixel: Mo ti ṣí i. Bọ́tìnnì "Kàn sí mi" ò ṣiṣẹ́ lórí fóònù.

Kóòdù_Ọwọ́: Fóònù wo?